Ọ̀jọ̀gbọ́n Etí

Kò sí àdúgbò tí kò ní tiẹ̀. Tiwa ní Sabon Gari, ní Zaria níbí, Bọ̀dá Gíríìsì là ń pè é. Okùn funfun méjì ń já bọ́ létí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó ń mi orí bí alángbá tó já láti orí ìrókò. Pọ́díkáàsì ìtàn Gíríìsì ló ń gbọ́. Ọmọdé á kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Á yọ okùn kan létí: "Ṣé o mọ̀ pé májèlé ni wọ́n fún Socrates mu, ní 399 ṣáájú ìbí Kristi?" Ọmọ tó fẹ́ ra àkàrà á dúró bí ẹni tó jalè.

Lọ́jọ́ kan, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sínú Birnin Zaria. Bí a ṣe ń dé Kofar Doka, odi Athens ló ń rò fún mi: odi gígùn tó so ìlú náà mọ́ Piraeus, èbúté rẹ̀, títí ogun ọdún 27 pẹ̀lú Sparta fi parí ní 404 ṣáájú ìbí Kristi, tí Sparta ní kí wọ́n wó o. Mo ní, "Bọ̀dá, èyí tó wà níwájú wa yìí ńkọ́?" Ó wò ó fìrí. "Bóyá ilé àtijọ́ kan ni." Oníkẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ganuwa ce, Malam!" Odi ìlú ni, odi Zazzau, tí ìtàn ẹnu ń so mọ́ orúkọ Amina, ọmọ ọba.

Ní ìpàdé àwọn onílé, ọ̀rọ̀ owó gọ́tà la wà lórí rẹ̀ nígbà tó dìde. "Ní Athens, àpáàdì ni wọ́n fi ń dìbò. Orúkọ ẹni tó ń yọ ìlú lẹ́nu ni wọ́n ń kọ sí i. Bí àpáàdì bá ti pé 6000, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù á fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá."

Bàbá alága ṣí ìwé owó, ó wò ó pẹ́. "Àbá rẹ dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí a bá pín àpáàdì lálẹ́ yìí, ìwọ tí o jẹ owó gọ́tà oṣù márùn-ún lo máa kọ́kọ́ palẹ̀ ẹrù mọ́."

Ìtàn Gíríìsì dùn, ó sì tọ́ kí a mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin ló gbé bàbá alága wa yìí kan náà dé Zaria láti Ọ̀fà, lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó níwájú ilé, tó ń sọ ìtàn ìrìn àjò náà fún ẹni tó bá fa àga tì í. Kò gba dátà.