Ìrẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Àjàgbé

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Olójúkòkòrò ni wọ́n ń bá wí: ẹni tó ti ní púpọ̀, tí kékeré kò jẹ́ kó sinmi. Ayé òde òní ti dorí òwe náà kodò. Ìrẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ọkọ̀ àjàgbé tí í kó erin la sì háyà láti gbé e délé.

Ẹ jẹ́ ká fi Alhaja kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn mẹ́ta n'Ìbàdàn: Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá àti Bódìjà. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ ń já rìsíìtì 400 lóòjọ́. Ẹyọ ìbéèrè kan ni Alhaja ní: oògùn wo ló fẹ́ẹ́ tán, ní ṣọ́ọ̀bù wo? Ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ya àwòrán kún ara ògiri. Kafka ni yóò máa gba rìsíìtì bó ṣe ń jáde, Elasticsearch ni wọn yóò fi máa wá oògùn, dáṣíbọ́ọ̀dù Grafana yóò máa tàn yanran, Kubernetes yóò sì máa darí gbogbo wọn lórí kíláòdù.

"Ọmọ mi, ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí?"

"Ẹ má fojú kéré ara yín, mà. Ẹ jẹ́ ká múra de ọjọ́ iwájú."

Ta ni kò fẹ́ ọjọ́ iwájú? Alhaja sanwó.

Ẹ wá wo ilé tí àwọn ẹrù wọ̀nyí ti wá. LinkedIn ló ṣe Kafka, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2011; nígbà tó fi di 2019, ìsọfúnni tó ń gba inú rẹ̀ kọjá níbẹ̀ lójúmọ́ ti ju tírílíọ̀nù 7 lọ. Google ló gbé Kubernetes jáde lọ́dún 2014, lẹ́yìn tó ti ń darí sáfà rẹpẹtẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Erin gidi ni tiwọn. Ti Alhaja ńkọ́? Rìsíìtì 146,000 ni lọ́dún. Ojú ewé Excel kan ṣoṣo gba ìlà 1,048,576. Bí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan bá gba ìlà kan, ti ọdún méje á wọ inú rẹ̀, àyè á sì ṣẹ́ kù. Bó bá sì jẹ́ erin ló wu Alhaja dandan, PostgreSQL tí í kó dátà pamọ́ wà, orí erin ni àmì rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé láti ọdún 2008.

Ti Elasticsearch ló pani lẹ́rìn-ín jù. Kí Shay Banon tó gbé e jáde lọ́dún 2010, ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́ oúnjẹ sísè ní London, tí ọkọ ń wá bí ìyàwó yóò ṣe máa tètè rí ìlànà ọbẹ̀ tó bá fẹ́. Ìbéèrè kékeré ló bí iṣẹ́ ńlá. Ní tiwa, iṣẹ́ ńlá la kọ́kọ́ rà, a wá ń wá ìbéèrè tí a ó bi í.

Bíìlì kíláòdù dé, dọ́là sì ni. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti ju 1,500 lọ. Rìsíìtì kò pọ̀ sí i, gbèsè di ìlọ́po mẹ́ta. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì nìkan ni Alhaja ń ra ọjà. Bí iná bá sì lọ, ọmọbìnrin orí káńtà á kọ ọjà tó tà sínú ìwé, kò sì ní í rántí tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà mọ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní oògùn ibà kún, pẹpẹ ṣófo.

Èyí tó tún burú ni ti ilẹ̀kùn tí a kò tì. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn kan tí a kò mọ̀ ń wọ Elasticsearch àti àwọn ibi ìkó-dátà mìíràn tí kò ní password, wọ́n ń pa ohun inú wọn rẹ́, wọ́n sì ń kọ "meow" sílẹ̀ bí igbe ológbò. Orúkọ aláìsàn àti oògùn tó ń lò kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gbé ẹ̀rọ Alhaja kalẹ̀ dà? Kubernetes ti wọ CV rẹ̀, ó ti jápa lọ sí Kánádà.

N kò bá ẹlẹ́rin jà o. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ni ìsanwó tó ń gba ọ̀dọ̀ NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, kọjá lọ́dún. Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa fi Excel kà á, ọ̀tá Nàìjíríà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tajà fún yín: ta ni yóò máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù yìí, kí ni yóò fi ohun tó bá rí níbẹ̀ ṣe, ta ni yóò sì tún un ṣe bí ìwọ bá lọ? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ sílé.