Aṣọ Ti Bo Ènìyàn Mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà tí wọ́n ṣáájú wa dé ayé, tí wọ́n mọ ìgbà tí aṣọ ṣọ̀wọ́n ju oúnjẹ lọ, ni wọ́n jókòó, tí wọ́n ro ọ̀ràn ọmọ aráyé síwá, tí wọ́n rò ó sẹ́yìn, kí wọ́n tó pa á lówe pé ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ. Ẹni tí ó ní ará, tí ó ní ọ̀rẹ́, tí ó ní aládùúgbò tí í béèrè rẹ̀, bí ó tilẹ̀ wọ àkísà, kò tíì rin ìhòhò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ènìyàn, bí ó kó sányán lé ètù, kí ó tún fi àlàárì ṣe ìborùn, òtútù ni yóò pa á. Bí àwọn àgbà náà bá jí lónìí, tí wọ́n gba Ọjà Ọba wọ Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tí a ń kì pé ẹṣin ni eégún ilé wọn, n kò mọ ojú tí wọn yóò fi wo òwe ara wọn. A ti dorí rẹ̀ kodò: aṣọ ni ó ń bo ni lára báyìí, ènìyàn sì di ẹni tí a pè wá kí ó wo aṣọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ pé mo ní a ti kọ ẹ̀sìn sílẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981 kì í ṣófo lọ́jọ́ Jímọ̀, ohùn ọmọ kéwú kò sì tíì dákẹ́ ní Òkèlele. Adájọ́ ni a pààrọ̀. Nígbà kan, bí ènìyàn bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan, a bi ara rẹ̀ pé, kí ni Ọlọ́run yóò wí, kí ni àwọn ará ilé yóò wí? Ìbéèrè tòní ni pé, ṣé yóò gbé mi yọ nínú fọ́tò?

Ẹ jẹ́ kí á mú wòlímọ̀ wò, nítorí kò sí ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn tó ibẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ọmọ tí ó ti fi ọdún gbọọrọ jókòó lórí ẹní níwájú áfáà, tí ó kọ wàláà, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó tún un kọ, títí ó fi parí Kùránì, ni àwọn òbí ń kó ará àdúgbò jọ fún, kí wọ́n lè gbọ́ ọ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Ìyàwó tuntun pẹ̀lú, kí ó tó lọ sílé ọkọ, a jókòó kéwú létí ẹbí méjèèjì. A pa ẹran, a se tùwó, a ṣe sàárà, áfáà ṣàdúrà, ó parí. Lónìí, ọmọ kò tíì ka ìdajì ìwé tí ìyá rẹ̀ ti ń pín aṣọ ẹbí: léèsì irú èyí tí àwọn ará Lustenau ní ilẹ̀ Ọ́sítríà ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ránṣẹ́ sí wa láti bí ọdún 1960 wá, gèlè lọ́tọ̀, fìlà lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá rí i rà, ìbáà jẹ́ àbúrò bàbá, ẹ̀yìn ni yóò jókòó, ìrẹsì tirẹ̀ yóò sì dé nígbà tí ẹran bá ti tán. A yá gbọ̀ngàn, a yá àga, a yá ẹni tí yóò ti òfuurufú ya fídíò wa. Ọmọ tí ó kéwú nìkan ni a kò yá. Ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n tí wọ́n ní kí ó ṣe bí ó ti mọ, ó ti gba ẹ̀yáwó.

Ọmọ náà yóò kà á dé Súrà 102, èyí tí àwọn ọmọ kéwú ń pè ní Alihákúmù, kúkúrú bẹ́ẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti ń bá ọmọ ènìyàn wí pé fífi ọrọ̀ bá ara wọn dù ti gba ọkàn wọn títí wọ́n fi wọ sàréè. Ohùn ọmọ ń dùn. Àwọn ìyá ń tún gèlè tò. Àwọn bàbá sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọmọ tí ó ń kà á níwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní ẹni tí ó bá fọ́n náírà lójú agbo lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà gbára. Ẹ̀kọ́ tí Ọlọ́run kọ́ wa lófẹ̀ẹ́ ni ìjọba wá fi ẹ̀wọ̀n tì lẹ́yìn, síbẹ̀ owó ṣì ń fò.

Àṣehàn yìí ti di ẹ̀sìn tuntun, òfin rẹ̀ kò sì pọ̀. “Ayé mi ni mò ń jẹ” ni èkíní; “kí ló kàn ọ́” ni èkejì; n kò tíì gbọ́ ẹ̀kẹta. Ẹ kọjá sí àdúgbò Basin ní Ìlọrin, kí ẹ wo bí ògiri ọgbà ti ga tó. Aládùúgbò mọ irú mọ́tò tí aládùúgbò ń gùn, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tí ó ní ayé òun lòun ń jẹ yìí gan-an, aṣọ tí igba ènìyàn wọ̀ ni ó wọ̀, fóònù tí gbogbo ayé ń gbé ni ó jẹ gbèsè rà, kò sì ní sùn lóru bí àwọn tí kò mọ̀ rí kò bá yìn ín. Òun nìkan ni ó ń jẹ ayé; àwọn ẹbí ni yóò bá a san án.

N kò bá aṣọ jà. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ìlú yìí ni òfì bọ́ dàgbà. Ìlọrin fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aṣọ òkè tí a hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó rán an pọ̀, ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é: Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupe, Bàrùbá, lábẹ́ Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Àlánámú. Kì í ṣe pé wọn kò jà. Wọ́n jà, Àfọ̀njá tí a fi ń ki ìlú náà sì bá ìjà lọ. Ṣùgbọ́n Ṣéù Àlímì, áfáà tí ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní kò jẹ ọba. Abdulsalami ọmọ rẹ̀ ni Ẹ́míà kìn-ín-ní. Ìmọ̀ ni a fi mọ bàbá, kò sì sí ẹni tí ó ń pìtàn irú aṣọ tí ó wọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo bẹ̀ yín: nígbà tí ọmọ yín bá ka Alihákúmù tán, ẹ dá onílù dúró, kí ẹ ní kí áfáà túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àlejò kí ìrẹsì tó jáde.