Irin Gun Síkéèlì, Fúláwà Wọ Agolo

Ẹ bá mi bi àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù léèrè: ta ni wọ́n rò pé ó ní síkéèlì nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Owódé Onírin? Àbúrò ìyàwó mi tó wà níbẹ̀ ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì ránṣẹ́ nítorí ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì. Fúláwà, 225 gíráàmù. Ṣúgà, 225 gíráàmù. Bọ́tà, 225 gíráàmù. Ẹyin mẹ́rin. Ẹyin nìkan ló yé wa.

“Bàbá Ìbejì, ẹ wá nǹkan ṣe sí i,” ni ìyàwó mi wí. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń wọn nǹkan látàárọ̀ dalẹ́.”

Òótọ́ ni, à ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjà tiwa, irin àlòkù kì í kúrò nílẹ̀ láì gun síkéèlì. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú, férémù tírélà tó ti ṣẹ́, gbogbo wọn ló ní iye kílò tí wọ́n ń jẹ́. Tó bá di ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì, íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, ì báà jẹ́ irin, ì báà jẹ́ bàbà, ì báà jẹ́ igi. Kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi fúláwà pé gíráàmù mélòó rẹ̀ ló ń kún kọ́ọ̀bù kan, á ní ó dọwọ́ ẹni tó bù ú.

Kọ́ọ̀bù àwọn ará Amẹ́ríkà, tí í ṣe nǹkan bíi mìlílítà 237, ń gba ṣúgà tó tó 200 gíráàmù. Kọ́ọ̀bù yẹn kan náà, tí ẹ bá rọra bu fúláwà sí i, kò gbà ju bíi 120 lọ. Tí ẹ bá kì í mọ́lẹ̀, ó lè di 150. Nítorí náà, 225 kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa yìí, ti bọ́tà kún kọ́ọ̀bù kan, ti ṣúgà lé díẹ̀ ní kọ́ọ̀bù kan, ti fúláwà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì. Àwọn ará Ọsirélíà tún wà níbẹ̀ o, 250 ni kọ́ọ̀bù tiwọn.

Kọ́ọ̀bù wo ló wá wà lọ́dọ̀ wa? Agolo mílíìkì la ní, àti dẹ́rícà, àti kóńgò, àti ike péńtì. Ẹ lọ sí Máìlì 12, kò jìnnà sí wa, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ. Dẹ́rícà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kóńgò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rún. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó jẹ́ pé ewé ló sùn sísàlẹ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ìyá oníràìsì ti kó o jọ gogoro sórí agolo, ó ní òun fún yín léènì. Èènì wo? Ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ló gbé sókè yẹn!

Láti ọdún 1974 ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí òṣùwọ̀n ti wà nílẹ̀ yìí. Agolo ò gbọ́. Irin tí ẹnì kankan ò ní fi sẹ́nu, à ń torí ààbọ̀ kílò rẹ̀ fa aṣọ ya. Ìrẹsì tí àwọn ọmọ máa jẹ sùn, agolo tí ìdí rẹ̀ ti wọnú ló ń ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí n kúkú gbé fúláwà náà lọ sí ọjà wa. Mo gbé e lọ. Síkéèlì ńlá yẹn, ẹ́ńjìnnì ló mọ̀. Mo bu fúláwà sínú ọ̀rá, mo gbé e lé e, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Mo gbé odindi àpò lé e, ó mì díẹ̀, ó padà síbi tó wà. Ọmọ tó ń ṣọ́ síkéèlì wò mí, ó wo àpò.

“Bàbá, irin wo lèyí?”

Mo ní fúláwà ni.

Ó ní kò burú, owó síkéèlì ò yí padà. Ó sì gbà á.