Bàbá Sẹ́tọ́ọ̀pù àti Àká Rẹ̀

Bí iná bá ṣẹ́ yọ ládùúgbò wa, ọmọ àti ìwé-ẹ̀rí ni àwa yòókù máa kó sáré. Háàdì dísìkì ni Bàbá Sẹ́tọ́ọ̀pù, ọ̀rẹ́ mi, máa gbé. Ìyàwó rẹ̀ mọ ọ̀nà jáde.

Àká ló fi háàdì dísìkì náà ṣe. Kò sí sọ́fítíwíà tó kọjá lójú rẹ̀ tí kò ní tọ́jú fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó gbọ́ pé ọdún ìyàn ń bọ̀. Mo bá a ṣí fóldà kan wò: setup.exe, setup(1).exe, setup(2).exe, setup tuntun.exe, setup tuntun gan-an.exe, setup MÁ PA Á RẸ́.exe. Mo ní kí ló wà nínú ìyẹn? Ó ní kí n ní sùúrù, àfi kí òun tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́fà tó sọ gbogbo wọn ní Táíwò kò tíì ṣe tó èyí.

Ká má parọ́, ó nídìí tó fi ń ṣe é. Owó dátà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Lóṣù Kìíní ọdún 2025, tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gba àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi tó 50% lé owó wọn, gbogbo àdúgbò ń kùn, ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó kó àgbàdo pamọ́ tí òjò wá kọ̀ tí kò rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú àká náà. Flash Player wà ńbẹ̀, oríṣi mẹ́rin. Adobe ti pa á tì lọ́jọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12 oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti kọ̀ láti gbé ohunkóhun jáde. Òkú ni. Mo ní kó sin ín, ó ní ẹnì kan lè wá béèrè. WinRAR náà wà ńbẹ̀, èyí tó ní ká fi 40 ọjọ́ dán òun wò. Jẹ́léósinmi ni àkọ́bí ọ̀rẹ́ mi wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ọmọ ọ̀hún ti wọ yunifásítì, bàbá rẹ̀ ṣì ń dán an wò. Antivirus ọdún 2012 ńkọ́? Ọdẹ àdúgbò tó dá gbogbo olè mọ̀, kìkì àwọn tó ti kú.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024 ni wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ wa di ìtàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi rẹ́ ni, mo sì ní ìwé tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ilé Bàbá Sẹ́tọ́ọ̀pù yá! Ó na àyà, ó ki wáyà háàdì dísìkì náà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ OfficeSetup.exe. Kọ̀ǹpútà ní ká lọ wá íntánẹ́ẹ̀tì wá.

Mo ní kó jẹ́ ká wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Kò tó 10 MB! Ìránṣẹ́ lásán ló tọ́jú látọdún yìí wá. Iṣẹ́ fáìlì kékeré yẹn ò ju kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kó lọ ru ẹrù gan-an wá. Chrome náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìránṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń dàǹlóòdù, odidi rẹ̀ tó ju 100 MB lọ wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Ọ̀rẹ́ mi gbé àpò tó ṣófo sínú àká, ó ń fi yangàn pé òun ní ìrẹsì.

Ojú ò tì í o. Ó ní ká gbìyànjú setup(2). Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti bàjẹ́ ló ni ín. A tẹ setup tuntun, eré bọ́ọ̀lù. Ìgbà tá a dé MÁ PA Á RẸ́ ni LibreOffice tó ṣeé fi tẹ̀wé yọjú, odidi, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì mi, mo dúpẹ́, mo gbọ̀nà ilé.

Mi ò tíì dé ẹnu géètì tó fi ké sí mi láti ojú fèrèsé:

"Tó o bá lò ó tán, kó o dá a padà o!"