Ìgbà Ooru ní Helsinki, àti Ẹ̀sín Tó Bá a Rìn

Helsinki ni olú ìlú Fínlándì, ìlú etíkun tí Ọba Gustav Vasa ti Swídìn tẹ̀ dó ní ọdún 1550. Ó wọ ìhà àríwá ayé lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán tó kúrú jù ní oṣù kejìlá kì í pé wákàtí 6, nígbà tí ọ̀sán ìparí oṣù kẹfà ń sún mọ́ wákàtí 19. Ìṣirò yìí ló ń darí ìgbà ooru níbẹ̀. Ará ìlú tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbé inú òkùnkùn kì í fẹ́ kí oòrùn ṣòfò: ìta ni wọ́n ti ń jẹun, orí koríko ni wọ́n ń sùn sí, inú òkun ni wọ́n ń bọ́ sí tí iṣẹ́ bá ti parí. Púpọ̀ nínú ìgbádùn yìí kò náni lówó rẹpẹtẹ. Ó ní òfin tirẹ̀ ṣá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sára pátákó, òǹkọ̀wé yìí sì rú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni àlejò kọ́kọ́ ń bá wọ̀jà. Ní àsìkò tí ọ̀sán gùn jù, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mọ́kànlá alẹ́ yóò fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀, kí aago mẹ́rin ìdájí sì tó lù, ó ti yọ padà. Ojú ọ̀run kì í ṣú tán láàárín méjèèjì. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé ibi tí oòrùn bá wà ni a fi ń mọ bí a ó ṣe kíni, ìyà ńlá ni èyí fún un. Òǹkọ̀wé yìí yọjú lójú fèrèsé, ó rí oòrùn, ó tẹ ìyá rẹ̀ àgbà láago ní Ìbàdàn, ó ní, “Ẹ káàsán, mà.” Wákàtí méjì ni aago Helsinki fi ṣáájú ti Nàìjíríà nígbà ooru, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú ní Ìbàdàn, ìyá ti jẹun alẹ́, ó ti fẹ́ wọlé sùn. “Ṣé ara rẹ yá báyìí?” ni ìdáhùn tó gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ẹbí ti ń bira wọn léèrè bóyá ọmọ náà ti ń mutí.

Kauppatori, ọjà tó wà létí èbúté, ni ibi tí ìgbà ooru ti ń di ohun jíjẹ. Èso stróbẹ́rì àti ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé tó ṣì wà nínú èèpo ló gbayì jù níbẹ̀. Lítà ni wọ́n fi ń tà wọ́n, wọ́n á bù ú kún inú ohun ìwọ̀n kan bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà Bódìjà bá ń wọn kóńgò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí èènì. Òǹkọ̀wé yìí sanwó tán, ó ya ẹnu àpò sílẹ̀, ó dúró. Ọlọ́jà rò pé kò gbọ́ iye owó, ó tún un sọ. Ó ṣì dúró. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, nítorí ariwo kì í ṣe àṣà wọn, wọ́n kàn ń wò ó.

Ẹ̀wà náà tún dá ọ̀ràn tirẹ̀. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, lórí ìrìn: wọ́n á fi àtàǹpàkò la èèpo, wọ́n á da hóró rẹ̀ sẹ́nu, ó sì dùn bí ẹni jẹ ìrèké. Òǹkọ̀wé yìí gbé e délé, ó wá ìkòkò, ó wá àlùbọ́sà, ó sì ti fi ata sí i kí onílé tó wọlé bá a. Onílé náà jẹ ẹ́ tán nítorí ọmọlúàbí ni.

Ní ti àwọn ẹyẹ òkun inú ọjà náà, olè paraku ni wọ́n. Wọ́n mọ ẹni tó ra áísìkiriìmù, wọ́n sì mọ àlejò yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọjà náà ni ère Havis Amanda wà, obìnrin ìhòòhò tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti ọdún 1908. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, kí ó má na ọwọ́ tó mú áísìkiriìmù sókè. Fọ́tò òǹkọ̀wé yìí jáde dáadáa: ìyẹ́ apá funfun kan ló bo ère náà mọ́lẹ̀.

Òkun Baltic fúnra rẹ̀ kì í ṣe òkun tí ọmọ Èkó mọ̀. Ní etí Helsinki, iyọ̀ inú lítà omi kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ, nígbà tí ti òkun ńlá ń tó 35. Ìgbì rẹ̀ kò le, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìkún àti ìfà. Ní Hietaniemi, etíkun oníyanrìn tí àwọn ará ìlú ń pè ní Hietsu, ènìyàn lè rìn jìnnà kí omi tó dé àyà rẹ̀. Ẹ̀tàn ibẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti omi òkè tó gbóná kúrò létí ilẹ̀, omi tútù ìsàlẹ̀ ni yóò gòkè wá gba ipò rẹ̀, òkun tó wà ní 20 °C sì lè já wálẹ̀ gidigidi láàárín ọjọ́ kan, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lókè. Òǹkọ̀wé yìí kò béèrè. Ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá a lọ pé ọmọ etí ọ̀sà ni òun, ó sáré, ó bẹ́ sínú omi. Igbe tó ké lé àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà nítòsí lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣeré nínú omi kan náà ń wò ó tàánú-tàánú. Ó wá fi ṣòkòtò funfun jókòó sórí koríko láti gbẹ, láìwò ó pé àwọn gẹ̀ẹ́sì igbó tó ń jẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti yàgbẹ́ sí gbogbo ilẹ̀.

Sọ́nà, iyàrá ooru tí wọ́n ń jókòó sí láti làágùn, ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù 5.5 ló wà ní Fínlándì, sọ́nà tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Ní ọdún 2020 ni UNESCO kọ àṣà náà mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Kotiharju, ní àdúgbò Kallio, ti ń fi igi dáná fún ará ìlú láti ọdún 1928. Löyly, tí wọ́n ṣí létí omi ní ọdún 2016, jẹ́ ibi tí tọkùnrin tobìnrin ti jọ ń wọlé pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Sompasauna ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn ará ìlú ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.

Níbi tí wọ́n bá ti ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ìhòòhò ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ kékeré sábẹ́ ìdí, wọ́n á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ooru inú rẹ̀ lè tó 80 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkè ló sì gbóná jù. Òǹkọ̀wé yìí kò mọ̀. Ó rí ìjókòó òkè, ó rò pé ipò iyì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlejò ni, ó gùn ún pẹ̀lú ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi ṣíbí onígi bu omi díẹ̀díẹ̀ sórí òkúta gbígbóná. Ó fẹ́ fi hàn pé ọ̀lẹ kọ́ ni òun. Ó gbé korobá, ó da gbogbo rẹ̀ lé òkúta náà lórí.

Èéfín omi tó dìde bo gbogbo iyàrá. Àwọn àgbà ọkùnrin tó ti ń wọ sọ́nà láti ọmọdé dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde láìsọ̀rọ̀. Bàbá arúgbó kan ló kẹ́yìn. Ó wo korobá, ó wo àlejò, ó ní, “Ó tó.” Òǹkọ̀wé yìí kò lè dáhùn, nítorí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí bàbá náà rò pé ó ń kí òun ni.

Ibi tí ọ̀nà ìgbádùn ti rọrùn jù ni Suomenlinna, odi ogun tí àwọn ará Swídìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sórí àwọn erékùṣù ní ọdún 1748, tí UNESCO sì gbà sínú àkójọ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ìwé ọkọ̀ tí ènìyàn fi wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro ló tún fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi ìlú lọ síbẹ̀ láti Kauppatori, ìrìn bí ìṣẹ́jú 15. Òǹkọ̀wé yìí ní ìwé náà lápò nígbà tó ń san owó ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ ìgbafẹ́. Afẹ́fẹ́ orí odi náà tutù ju ti ìgboro lọ.

Ìgboro máa ń dá ní Juhannus, ọdún àárín ìgbà ooru tó ń bọ́ sí Sátidé láàárín ọjọ́ 20 sí 26 oṣù kẹfà, nítorí àwọn ará ìlú ń lọ sí ilé ìsinmi wọn lẹ́bàá adágún. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń tì tàbí kí wọ́n tètè palẹ̀ mọ́, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ni kí àlejò ti ra oúnjẹ. Àwọn ọmọ ń padà sílé ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, ariwo etíkun sì ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ láàárín oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kí ó mú aṣọ òtútù kan dání, kí ó sì fi korobá sọ́nà sílẹ̀ fún onílé.