Ẹ Gbé Bàbá Dírẹ́bà Wọ Kíláàsì

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ̀ jù nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adití ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ má wulẹ̀ wàhálà dé ilé ìwé wọn. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ọ́fíìsì ìjọba ni kí ẹ gbà, níbi tí àwọn dírẹ́bà ti ń ta ayò. Ẹ béèrè bàbá tó ń wa ọkọ̀ ọ̀gá àgbà.

Kò sí sẹ́mínà tí wọ́n pe àwọn olùkọ́ àkànṣe sí, ní Àbújá o, ní Kàdúná o, tí Bàbá ò dé. Ọ̀gá ni yóò gba owó ìrìnàjò. Ọ̀gá ni yóò ya fọ́tò lábẹ́ báńà. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí Bàbá bá òun jókòó de àga, òun ń bọ̀, òun fẹ́ yọjú sí ẹnì kan nígboro. Ibi tí Bàbá ti ń jókòó de àga ló ti mọ èdè ọwọ́ láti A dé Z. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú pátíkúlà.

Àǹtí tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà kì í ṣe òpè. Ọ̀yọ́ ló ti gba NCE, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977. Àmọ́ láti ìgbà tó ti jáde, gbogbo ìgbà tó bá tọrọ ààyè láti lọ kọ́ ohun tuntun, èsì kan náà ni: “Ta ló máa bá ẹ dúró ti àwọn ọmọ yẹn?” Ẹ ò rí iyì! Òṣìṣẹ́ tí ìjọba ò lè ṣe aláìrí fún ọjọ́ méjì péré. Iyì yìí ò kàn tíì dé inú owó oṣù ni.

Lọ́dún yìí, wọ́n mú ọmọ kan wá fún un tí kò gbọ́ràn, tí kò sì ríran. Èdè ọwọ́ tí Àǹtí mọ̀, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Báwo ni yóò ṣe bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀? Bàbá mọ̀ ọ́n. Ó ní inú ọwọ́ ọmọ náà gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, kó lè máa fọwọ́ kàn án. Ó ní wọ́n fi han àwọn ní Kàdúná, kí wọ́n tó pín jọ́lọ́ọ̀fù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba rúfin o. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 ní kí ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan, ó kéré tán, tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Kò sọ pé onítọ̀hún ò gbọdọ̀ jẹ́ dírẹ́bà. Owó náà ń bẹ: UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Báńà ò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àbá mi rèé: kí Bàbá wọ kíláàsì, kí Àǹtí gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bó bá ti wa ọ̀gá dé Àbújá, òun náà á jókòó de àga, á sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ wọn. Mo sọ ọ́ fún akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọba náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àbá náà dára, àfi ohun kan: ìjọba ò lè gbé ọkọ̀ lé ẹni tí kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.