Ilé Ìdáná Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dáná Nínú Rẹ̀

Láàrin àwọn irú ènìyàn tí kò wọ́n nílùú Ìbàdàn, ọ̀kan wà tí a lè pè ní Baálé Alátùn-únṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó jogún ilé tí bàbá rẹ̀ fi owó kòkó kọ́ láàrin ọdún 1950 sí 1960, ó sì ti pinnu pé òun yóò fi ìwọ̀nba owó tó kù lọ́wọ́ òun sọ ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé di ti ìgbàlódé. Ohun mẹ́ta la fi ń dá a mọ̀: téèpù ìwọnlẹ̀ tí kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀, ìwé pélébé tó ń kọ iye owó gbogbo nǹkan sí, àti ìdánilójú rẹ̀ pé kò sí oníṣẹ́-ọwọ́ tí kì í ṣe olè. Ohun kẹrin, èyí tí kì í dá a lójú rárá pé ó kan ọ̀rọ̀ náà, ni pé kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ọbẹ̀ rí.

Kí a tó sọ ohun tí Baálé ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó bá níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ya ilé ìdáná sọ́tọ̀ kúrò lára ilé gbígbé, nítorí pé igi ni wọ́n fi ń dáná, èéfín rẹ̀ ń ba aṣọ àti ojú jẹ́, iná tó bá sì ta síta lè jó gbogbo agboolé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàrin orí ògiri àti páànù kí èéfín lè rí ibi gbà jáde. Ààrò, èyí tí í ṣe òkúta tàbí ìṣù amọ̀ mẹ́ta tí a tò yí iná ká láti gbé ìkòkò lé, wà ní igun kan, àjà sì wà lókè rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń so àgbàdo tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ rọ̀, kí èéfín má bàa jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Lójú Baálé, ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ojú àlejò ń ti òun. Kò sí àlejò tó dé ẹ̀yìnkùlé yẹn rí, bí kò ṣe ewúrẹ́ àdúgbò.

Owó ni kò tó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́ sí owó ilẹ̀ òkèèrè, ni àwọn ohun èlò ilé tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí gan-an, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 kan ti kọjá ₦10,000 ní ibi púpọ̀. Ẹlòmíràn ì bá torí èyí dín iṣẹ́ kù. Baálé kò dín iṣẹ́ kù, sìmẹ́ńtì ló dín kù. Bí bíríkìlà bá ní bárò iyanrìn mẹ́ta ni kí wọ́n pò mọ́ àpò kan, Baálé a sọ ọ́ di mẹ́fà, a sì fi kún un pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn òyìnbó ṣe é nígbà ayé wọn, tí ilé wọn ṣì dúró di òní.

Táìlì, ìyẹn amọ̀ sísun pẹlẹbẹ tó ń dán tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí ilẹ̀, ni ibi tí ọgbọ́n Baálé ti fara hàn jù. Ó lọ sí Ògùnpa, ó ra èyí tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, páálí kan aláwọ̀ eérú, àbọ̀ páálí olódòdó, àti mélòó kan tó jọ ti ilé ìwòsàn, ó sì kéde pé àrà tuntun ni. Bíríkìlà, tó ti rí irú ògiri yìí rí, rọra sọ̀rọ̀ pé, “Bàbá, amọ̀ ni o. Tí a ò bá kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kò ní dì í mú.” Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a máa wú lásìkò òjò, a sì máa sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ti gan kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún kì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní láti ha ibi tó ti rà lára ògiri kúrò, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n sì fi ìṣó kan àwọ̀n wáyà tó ń jẹ́ nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kí sìmẹ́ńtì lè rí nǹkan gbá mú. Baálé gbọ́ gbogbo àlàyé yìí láìjá a lẹ́nu, ó wo ọkùnrin náà títí, ó wá bi í léèrè pé èló ni yóò jẹ nínú owó nẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n lẹ táìlì mọ́ amọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí òjò tó dá lọ́dún yẹn, odidi ìlà kan já bọ́ lóru, Baálé sì ní eku ni.

Ti kọ́bọ́ọ̀dù kò gba àlàyé púpọ̀. Káfíńtà ní kí wọ́n ra pákó gidi ní Bódìjà, ṣùgbọ́n Baálé yan èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, nítorí pé ó dán, ó sì dín owó. Igi bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ rí omi, abẹ́ síńkì sì ni Baálé gbé e sí, nítorí náà kò pẹ́ tó fi wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Síńkì ọ̀hún fúnra rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn ohun àlòkù tí wọ́n kó ti òkè òkun dé, ẹnu ẹ̀rọ orí rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ó sì ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì. Omi kò tíì gba ẹnu rẹ̀ jáde rí. Ọjọ́ pẹ́ tí omi ìjọba ti dákẹ́ ní àdúgbò náà, Baálé kò sì ra táńkì, nítorí òkè ni táńkì ń wà, ibi tí àlejò kì í wò. Kẹ́ẹ̀gì omi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, korobá sì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ láti gba ìdọ̀tí omi.

Ọ̀rọ̀ gáàsì kì í ṣe ti àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni Baálé gbà ṣe é. Ó ní sílíńdà kò bójú mu, ó sì kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bo sílíńdà oníkílò 12.5 mọ́lẹ̀. Ó dí àlàfo abẹ́ páànù pẹ̀lú sílíìnì, pẹ̀lú àlàyé pé ayé èéfín ti kọjá, ó sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù òkè dí ojú fèrèsé kan ṣoṣo tó kù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bí ó bá ń jò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kó ara jọ sí, yóò sì máa dúró de ẹni tí yóò ṣá ìṣáná. Ìta, lábẹ́ ìbòji, ni ó yẹ kí sílíńdà wà, kí rọ́bà rẹ̀ gba ara ògiri wọlé, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ ògiri tí gáàsì lè gbà jáde. Iye tí èyí yóò ná an kò tó iye tó fi ra táìlì olódòdó.

Ẹni tó ń se oúnjẹ nínú ilé náà ni Baálé kò bi ní ohunkóhun. Bó bá bi ìyàwó rẹ̀ ni, ì bá ti sọ fún un pé àmàlà kì í ṣe tíì tí ènìyàn ń dúró pò. Ẹni tó ń rò ó ní láti jókòó lórí àpótí, kí ìkòkò wà nísàlẹ̀, kí agbára apá àti ti ẹ̀yìn lè dé orí ọmọ orógùn. Ṣùgbọ́n tábìlì sìmẹ́ńtì tí Baálé mọ ga dé ìbàdí, sítóòfù gáàsì tún wá wà lórí rẹ̀, tí ìkòkò fi dé ọ̀gangan àyà obìnrin náà. Ó gbìyànjú láti gun àpótí rò ó lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ sì sá jáde. Nígbà tó kan iyán, wọ́n gbé odó wọlé, ìró ọmọ odó dún lẹ́ẹ̀mejì, táìlì ilẹ̀ sán. Ọjọ́ yẹn ni Baálé ṣe òfin pé odó kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́. Lẹ́yìn náà ni òfin epo gbígbóná tẹ̀ lé e, nítorí pé ó ń ta sí ògiri, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹja yíyan, nítorí òórùn, nígbà tó sì yá, ohun tí òfin ṣì gbà láyè kò ju kí a se ẹyin lọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó ra àdògán, ó gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, ó sì ń se oúnjẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tí àlejò bá dé, Baálé a mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fẹ́ná kọjá, a ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, a tan iná, a yí ẹnu ẹ̀rọ sọ́tùn-ún sósì, a sì dárúkọ iye tó ná an, èyí tó máa ń dín díẹ̀ sí i nígbàkígbà tó bá tún un sọ. Àwọn àlejò a yìn ín, wọn a sì jókòó sí pálọ̀ láti jẹ àmàlà tí wọ́n rò lábẹ́ igi. Owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Baálé kò tó ra páìpù kan báyìí, ṣùgbọ́n ó ti mú téèpù rẹ̀ dání, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn balùwẹ̀.